Wọ́n Ní Òṣùpá Mi Wà Lọ́dọ̀ Akàn

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń sọ fún mi bóyá kí n bẹ̀rù tàbí kí n má bẹ̀rù. Ilé rẹ̀ ní Òṣogbo ni mo wà nígbà náà. Awọ funfun kan ti bo ojú òsì mi, ọ̀tún náà sì ti ń ṣú bọ̀, mo wá fi oko kòkó mi lẹ́yìn Iléṣà sílẹ̀ kí wọ́n lè bá mi ṣe é ní ilé ìwòsàn. Dókítà ti là á yé mi pé bí mo bá fi falẹ̀, ojú òsì náà lè lọ pátápátá, kò sì ní sí iṣẹ́ abẹ tí yóò dá a padà. Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ nìkan ni n kò fẹ́ gbọ́.

Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, tí ó wọlé, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sórí àga, á ṣí fóònù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn, tí á sì sọ ọ̀dọ̀ èwo nínú àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n fi orúkọ ẹranko pè ni òṣùpá wà lọ́jọ́ náà, irú ọkàn tí onítọ̀hún ní, àti fíìmù tí ó bá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ mu. Òṣùpá tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ àkekèé. Wọ́n ní kì í tètè dárí jini, kì í sì í pariwo bínú. Fíìmù tí wọ́n yàn fún un ni ti opó kan tí àwọn àna gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó rọra gbà á padà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó tán, ó mi orí, ó ní òun gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ó kàn mí, mo sọ ọjọ́ ìbí tí ó wà nínú gbogbo ìwé mi fún un. Fóònù ronú díẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ akàn ni òṣùpá tèmi wà: mo fẹ́ràn ilé, mo máa ń sunkún, ìyípadà máa ń bà mí lẹ́rù, kò sì dára kí ẹnikẹ́ni kán mi lójú. Fíìmù tèmi ni ti bàbá arúgbó kan tí wọ́n fẹ́ kó kúrò ní abúlé rẹ̀ tí ó kọ̀ jálẹ̀. Ojú kan ni mo fi wò ó, ojú méjèèjì ni mo fi sunkún.

Bí mo ṣe rí àwáwí nìyẹn. Bí ọmọ náà bá ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde ká lọ,” n óò ní kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí akàn wí. Bí akàn bá ní kí n sinmi, mo sinmi. Bí ó bá ní kí n jáde, mo ní ọ̀rọ̀ fóònù kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo ṣẹ̀sín nílé! Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí, ó rẹ ọmọ náà. Kò bẹ̀ mí mọ́. Fíìmù nìkan ni ó ń gbé kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, àgbẹ̀ olóbì láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, wá kí mi. Kíláàsì kan náà ni a jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe ojú tirẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè ọjọ́ ìbí òun náà. Ọjọ́ tèmi gan-an ni ó sọ.

“Àbí ìbejì ni yín ni, bàbá?”

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní bí ti ìbejì bá ni, gbogbo kíláàsì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú wa lọ síléèwé, kò sí òbí tó mọ ọjọ́ tí ó bí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá tí ó kan etí kejì, ọ̀gá iléèwé á gbà á, á kọ ọjọ́ tí a wà gan-an fún un bí ọjọ́ ìbí, á wá yọ iye ọdún tí ó bá wù ú kúrò. Bí wọ́n ṣe pa gbogbo wa lọ́jọ́ kan bí ọmọ adìyẹ nìyẹn. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti kékeré. N kò kàn fẹ́ kí òṣùpá mọ̀ ni.

“Kí wá ni akàn wí nípa èmi?” ni ọ̀rẹ́ mi béèrè.

“Ó ní ẹ máa ń bẹ̀rù.”

“Kò purọ́. Nọ́ọ̀sì ló di ẹsẹ̀ mi mú kí bẹ́ẹ̀dì yé mì.” Ó wá kọjú sí mi. “Àbí ìwọ rò pé ìgbà tí ẹ̀rù ò bà mí mọ́ ni mo lọ?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pa fóònù, ó ní òun máa gbààyè níbi iṣẹ́ lọ́la láti mú mi lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ṣe é. Gbígbọ̀n tí mo gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ìdádúró mi ti mú nínú ìríran náà lọ, ìyókù ni òun rí gbà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ rí, n kò sì tètè dá a mọ̀. Ewú ti gba ẹ̀bá etí rẹ̀, abẹ́ ojú rẹ̀ wú. Ohùn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́, tí mo ń rí i fìrífìrí, láti ìgbà yìí wá, mo sì rò pé ẹni tó ń fi òṣùpá àti fíìmù ṣeré ni. N kò mọ̀ pé ìsinmi kan ṣoṣo tí ó ní lóòjọ́ nìyẹn, kí ó jókòó, kí ẹnì kan sì jókòó tì í.

Mo ti padà sóko báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá wá sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò ojú, a ṣì máa ń wo fíìmù. Kì í béèrè òṣùpá ẹnikẹ́ni mọ́. Fíìmù kì í tíì dé ìdajì tí oorun á fi gbé e lọ lórí àga. Èmi á rọra dín ohùn fíìmù náà kù, n óò wò ó parí, kí n lè sọ bí ó ṣe parí fún un bí ó bá jí.