Ìdúpẹ́ Lórí Kòrónà Tí Mi Ò Ní

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà kòrónà. Ó ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi!

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ágọ̀-Ìwòyè nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa, mo padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní ìlú Awà. Ìròyìn ikú ló kún fóònù mi. Nígbà tó yá, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já ṣáá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èémí mi ń kúrú. Mi ò lè sùn, mi ò lè kàwé. Ẹ̀rù ń bà mí pé orí mi fẹ́ dàrú. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa jókòó tì mí kó gbọ́ tẹnu mi ni mo ń wá.

Mo bá sọ fún bàbá mi. Háà, mo dáràn! Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé èémí mi ń kúrú báyìí, ṣe ni wọ́n fò sẹ́yìn! Wọ́n ní kí n wọ yàrá àlejò lọ, kí n má jáde. Màmá mi á gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sáré lọ. Àwọn ará ìjọ tó máa ń kún ilé wa bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn ńkọ́? Mi ò tilẹ̀ rí òjìji wọn. Ẹ sọ fún mi, ta ni ẹ̀rù ń bà tí wọ́n á tún tì mọ́lé ní òun nìkan?

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan wá, ó ki òwú bọ̀ mí nímú fún àyẹ̀wò. Èsì dé, kò sí kòrónà. Nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé fún wọn pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe mí, pé àìsàn gidi ni, kí wọ́n mú mi lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Àwọn òbí mi ò gbọ́ ju "kò sí kòrónà" lọ!

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀rù lásán! Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Olúwa, o ṣeun!"

Mo ní kò tíì lọ o. Wọ́n ní kí n má fẹnu ara mi pe ibi.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣí padà, ó di ìdúpẹ́. A jó dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n gbé máìkì fún mi pé kí n jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe yọ mí nínú kòrónà. Èwo ni kòrónà?

Mo wo ojú gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Gbogbo ìjọ pariwo, "Halelúyà!" Ẹgbẹ́ akọrin gbé orin. Màmá mi sì ń jó.

Nígbà tí a wọlé padà sí ilé ìwé, èmi fúnra mi ni mo wá dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ lọ. Ara mi ti ń yá báyìí, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Ẹ̀yin òbí, àìsàn tí kò ní ikọ́ nínú, àìsàn náà ni! Bí ọmọ yín bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á, mi ò sì ní pariwo "Halelúyà" lé yín lórí.