Ihò Mẹ́jọ fún Ohùn Ẹnìkan

Mo rántí ìgbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ kọ "Sítúdíò" sára ilẹ̀kùn yàrá mi nílé wa ní Ẹdẹ, nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan nínú yàrá náà ju ibùsùn lọ, àti lápútọ́ọ̀pù àlòkù kan, àti máìkì tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ta mí lọ́rẹ kó tó re ìlú òyìnbó. Tíṣà ni mí nígbà náà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní ìṣirò, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, pùrodúsà ni mo máa ń pe ara mi. Ohun tó bá wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọn ará àdúgbò kò bá mi jiyàn. "Sítúdíò, ṣé dáadáa lo jí?" ni wọ́n fi ń kí mi láàárọ̀, "àwo orin wa dà?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì rò tọkàntọkàn pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ohun tó kù kò ju àpótí kan lọ, èyí tí à ń fi sáàárín máìkì àti kọ̀ǹpútà kí ohùn lè rọ́nà wọlé. Sáùńdù káàdì ni àwa oníṣẹ́ orin ń pè é. Láìsí i, máìkì mi kò wúlò ju orógùn lọ. Bóyá ǹ bá sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, pùrodúsà tí kò gba nǹkan kan sílẹ̀ rí, bí kì í bá ṣe ti Ìyá àgbà.

Ìyá àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Gẹ̀gẹ̀ kan wà lọ́rùn wọn tí mo dáyé bá, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí di ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn léèémí. Ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo dá ọjọ́ fún wọn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọn yóò gé e. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn lọ, etí mi báyìí ni mo sì fi gbọ́ tí dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ náà kò léwu púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí ibi tí gẹ̀gẹ̀ náà jókòó sí, ó ṣeé ṣe kí ohùn wọn má bọ̀ sípò mọ́. Ìyá àgbà wo dókítà tòkètilẹ̀.

"Ṣé ẹnu á ṣì máa jẹ iyán?"

"Á jẹ ẹ́, Màmá."

"Ẹ gé e."

Ọ̀rọ̀ parí lọ́dọ̀ tiwọn, kò parí lọ́dọ̀ tèmi. Láti ìgbà tí Ìyá àgbà ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n ti ń lé orin fún àwọn ìyàwó ilé wa, orin tí wọ́n ń lé kì í sì í ṣe irú èyí tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn fúnra wọn ló ṣe é. Wọ́n fi bú ọkọ wọn, wọ́n fi bú àwọn àna wọn, wọ́n sì fi bú ẹnikẹ́ni tó bá yá odó tí kò dá ọmọ odó padà. Àwọn ìyàwó tó kù nílé mọ ègbè, wọn kò mọ orin. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo mọ̀ pé bí abẹ bá gba ohùn yẹn lọ kí n tó mú un síbì kan, kò sí ọjà tí a ti lè rà á mọ́ láyé. Ẹ óò ní ṣebí mo ní fóònù. Mo ní in, àmọ́ bó ṣe ń gbohùn, àfi bí ẹni kó orí sínú ìkòkò. Àti pé pùrodúsà wo ló ń fi fóònù gbohùn? Ìgbéraga ni, mo gbà.

Ọ̀gá akọrin ìjọ wa, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ́kọ́ bá dá a sọ. Wọ́n ní sáùńdù káàdì kékeré kan tó ti pẹ́, ihò méjì péré ló wà lára rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gba orin wa sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò. Wọ́n bi mí pé ohùn ènìyàn mélòó ni mo fẹ́ gbà. Mo ní ti ẹnìkan.

"Ra oníhò méjì," wọ́n ní. "Èyí tó ń mu iná lára kọ̀ǹpútà ni kó o rà. Má ra èyí tí wàá ní láti ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri."

Ká ní mo dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló ń gbọ́, ọmọbìnrin kan sì wà láàárín wọn tí mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ti di tayé Nóà. Àwa ti kọjá ibẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kàn pa ìwé orin wọn dé. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ ọgbọ́n tèmi nìkan ni mò ń lò lọ́dún yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Oníṣọ́ọ̀bù gbé méjì ka iwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, kò tóbi ju ike ọṣẹ lọ, ihò méjì, iná bíńtín kan. Èkejì ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí náà ni owó rẹ̀ kò fi ju apá mi lọ: ihò mẹ́jọ, bọ́tìnnì lóríṣìíríṣìí, iná aláwọ̀ ewé tó ń sáré lọ sáré bọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù wo bí ojú mi ṣe ń bá iná náà sáré, kò tilẹ̀ polówó mọ́. "Pùrodúsà gidi lẹ̀yin," ó ní, "mo ti mọ̀ láti bẹ́ ẹ ṣe wọlé." Ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún yẹn, kò sí ohun tí kò lè tà fún mi. Orí itan ni mo gbé e sí nínú mọ́tò títí dé Ẹdẹ, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èrò tí wọn kò bi mí ní ohunkóhun.

Nígbà tí mo tú u nílé, Ìyá àgbà yí i po, wọ́n fi ìka kan ka àwọn ihò náà.

"Èmi nìkan ni n óò kọrin sí gbogbo èyí?"

Mo ní rárá, ọ̀kan péré.

"Ta ló wá ni méje tó kù?"

Mo yáa bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Wàhálà tó tẹ̀lé e pọ̀ ju ìyẹn lọ. Tiransífọ́mà àdúgbò wa ti gbiná láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, lápútọ́ọ̀pù mi ṣì ní bátìrì, ṣùgbọ́n àpótí ńlá yìí kò mu iná lára lápútọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni. Ògiri ló ń fẹ́, ògiri kò sì ní nǹkan kan láti fún un. Mo yá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Mo gba orin kan sílẹ̀, mo tún un gbọ́, mo rí i pé jẹnẹrétọ̀ ló ń lé orin, Ìyá àgbà ló ń gbè é. Mo kó wọn sí yàrá inú, mo fi ibùsùn dí fèrèsé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde pẹ̀lú òógùn. "Ṣé o fẹ́ pa mí kí dókítà tó pa mí ni?" Nígbà tí mo tilẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀ tiwa, àpótí náà kú, síbẹ̀ ti ọ̀tún ń dún, ti òsì ń dún. Mo gbé ẹrù mi padà lọ sí Òṣogbo, oníṣọ́ọ̀bù kò pè mí ní pùrodúsà mọ́. "Bùrọ̀dá, ẹ ka ìwé ara ògiri," ló wí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjà tí a bá ti tà kì í padà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan àtọjọ́ méjì. Mo jókòó ti Ìyá àgbà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló ní kékeré nínú ìlú yìí. Mo ní ọ̀gá akọrin ni, mo sì sọ ohun tí mo sọ sí wọn níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí Ìyá àgbà fi ń wá gèlè wọn. Ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀ láàárín wa. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò síwájú rẹ̀, bí ẹni náà bá sì ju ẹni tí a fẹ́ bẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀bẹ̀ ti wọlé tán. Bí a ṣe dé ọ̀hún, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá akọrin rí Ìyá àgbà, àwọn náà dọ̀bálẹ̀ láti kí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe wà nílẹ̀, à ń wo ara wa lójú.

"Tíṣà, òmùgọ̀ kan ni mo mú wá fún yín," Ìyá àgbà ní. "Tèmi ni, n kò lè sọ ọ́ nù. Ẹ nà án tàbí kẹ́ ẹ dárí jì í, èyí tó bá yá jù nínú méjèèjì, torí abẹ ń dúró dè mí."

Ọ̀gá dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. Wọn kò ní kí èmi dìde.

"Kí lo pe ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ sí?"

"Mo ní tayé Nóà ni, sà."

"Nínú Nóà yẹn àti àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín, àwọn wo lomi gbé lọ?"

"Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ni, sà."

"Dìde."

Wọ́n gbà láti bá mi pààrọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọ ti ń wá oníhò mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì jìnnà sí ibi tí a ti ń kọrin. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wọn ọ̀wọ́n tí Ẹ̀mí Mímọ́ darí láti fi ẹ̀rọ ńlá ta ilé Olúwa lọ́rẹ. Mo dìde, mo tẹríba bí ẹni Ẹ̀mí darí lóòótọ́. Ọ̀gá akọrin ló pàtẹ́wọ́ jù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a lọ sí Òṣogbo, a gba ọ̀nà Alájué lọ sí oko ìdílé wa, níbi tí kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan. Ọ̀gá akọrin bá wa lọ. Mo gbé lápútọ́ọ̀pù sórí àpótí ìjókòó, mo so sáùńdù káàdì kékeré náà mọ́ ọn, iná rẹ̀ tàn láìsí ògiri. Mo ní kí Ìyá àgbà máa kọrin. Wọ́n ní àwọn kì í jókòó lásán kọrin bí alágbe, ẹ gbé ẹ̀gúsí wá. Ọ̀gá ní ariwo èèpo ẹ̀gúsí yóò wọnú ẹ̀rọ. Ìyá àgbà ní ó dáa, ká máa lọ sílé nìyẹn. A gbé ẹ̀gúsí wá. Ọ̀gá ní kí n fi máìkì tí àwọn mú wá sí ihò kejì kí n máa gbè é, torí orin tí a kò gbè kò ní adùn. Ìyá àgbà wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gúsí ń ró lábẹ́ ọwọ́ wọn, gẹ̀gẹ̀ ń lọ sókè sódò lọ́rùn wọn, báyìí sì ni orin kẹta ṣe lọ:

Baálé mi r'Awo, ó ní iṣu lòun ó rà,
Iṣu délé tán, iṣu wé gèlè;
Ẹ gbómi kaná, ká sè é wò,
Iṣu tó wé gèlè, ta ni yóò bó o?

Iṣu náà ni ìyàwó kejì tí bàbá bàbá mi fẹ́ wá láti ìlú Awo. Ìyá àgbà sọ fún wa pé nígbà tó yá, ìyàwó náà di ọ̀rẹ́ àwọn, òun ló sì ń fi ohùn líle gbe orin náà jù títí ó fi kú. Bí orin náà ṣe ń lọ, ọ̀gá akọrin fi fìlà bo ẹnu wọn kí ẹ̀rín má baà jáde. Ó jáde. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, kété lẹ́yìn "gèlè" ìkejì, n kò sì gé e kúrò. Orin mọ́kànlá la gbà lọ́jọ́ náà kí bátìrì tó kú.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ìyá àgbà jẹ iyán bí dókítà ṣe wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn lọ. Èémí lásán ló kù, kí o tó gbọ́ wọn, o ní láti sún mọ́ wọn. Ẹ má rò pé wọ́n tìtorí èyí ṣíwọ́ èébú. Bí ìyá mi bá fi iyọ̀ dójú ọbẹ̀, Ìyá àgbà á ké sí mi, wọ́n á na ìka méje sókè, èmi náà á sì tẹ orin keje lórí lápútọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n ṣe fún ìyàwó tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi àti lápútọ́ọ̀pù mi fi ṣe ẹnu fún Ìyá àgbà, kí wọ́n tó lọ sinmi.

Mo ti ní yàrá tó dáa báyìí, mo ti gba ohùn àwọn tó mọ orin kọ dáadáa, àmọ́ ọjọ́ tí Ìyá àgbà kọ́kọ́ gbọ́ ara wọn ni mo máa ń rántí jù. Ọ̀sán ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ funfun tí wọ́n fi di ojú abẹ ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo tẹ orin iṣu tó wé gèlè fún wọn, mo retí pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí orin tán, wọ́n fà mí mọ́ra kí n lè gbọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà."

"Ó mà dùn o," wọ́n ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nínú yín."

Òótọ́ ni. Gbogbo wa la ti gbè é, a ti jó sí i, a ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, kò sì sí ẹnìkan nínú ilé wa tó sọ fún wọn rí pé ohùn wọn dùn. Èmi tí mò ń sáré kiri nítorí ohùn náà, tí mo dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ̀, n kò sọ ọ́. Mo sọ fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì ń sọ ọ́ léraléra títí wọ́n fi kú, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí pé ìgbà tó ti lọ tán ni mo tó sọ ọ́.