Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Táyà

Ìyá Táyà ni wọ́n ń pe ìyàwó mi níbi iṣẹ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi mọ́tò sáré ìje. Bí ẹ bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ ó rò pé òun ló bí i. Ó lè rántí iye afẹ́fẹ́ inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó gbàgbé pé mò ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Òun ló kọ́ mi pé táyà tútù kì í di ilẹ̀ mú. Ìgbà tí ó bá gbóná ni rọ́bà rẹ̀ ń rọ̀, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ojú ọ̀nà. Nítorí náà, aṣọ oníná ni wọ́n fi ń wé e kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan péré bá tutù, kọ́nà àkọ́kọ́ ni mọ́tò yóò ti fò yọ kúrò lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi á tẹ́ ọwọ́ lé e, á ní, "Ó ti tó." Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ta ló ń bi í léèrè?

Lọ́sẹ̀ kan, mo rí i tí ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná. Kò tilẹ̀ fajú ro. Ẹ̀rù bà mí. Ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ti yi, kò mọ ooru mọ́. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá wọn. Ó ní bí òun bá sọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe?

Lọ́jọ́ ìje, mo wà ní gáréèjì wọn. Awakọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń pè é ní mọ́mì, ti jókòó sínú mọ́tò. Ìyàwó mi tẹ́ ọwọ́ lé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń retí ohun tí ó máa ń sọ. Ó wo ojú ọmọ náà nínú akoto, ó wá kọjú sí ọ̀gá.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá, sà. Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan mọ́."

Wọ́n wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táyà ọ̀tún iwájú tutù. Okùn iná aṣọ rẹ̀ ti já. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ipò kẹrin lọmọ náà ṣe, ó sì bọ̀ láyọ̀. Ọ̀gá ní ojú Ìyá Táyà tí ń rí bí rọ́bà ṣe gbó tó kò tíì yi, kó máa báṣẹ́ lọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ọ lọ́rùn.

Bí a ti ń lọ sílé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A rìn títí dé ìkóríta kó tó wolẹ̀, tó rí ọwọ́ mi nínú tirẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti dì í mú?"

Mo ní ó ti pẹ́.