Èèrà Tó So Rọ̀

Ó já bọ́ láti etí ewé, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ó so rọ̀ sí òfuurufú, ó ń mì lọ mì bọ̀ lókè agbọ̀n obì. Èèrà dúdú ni lójú mi, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti gbogbo èèrà. Mo fi ewé gbà á, mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni ti èèrà. Méjì iwájú ló gbé sókè, tó ń mì wọ́n bí ìwo kékeré tó máa ń wà lórí èèrà.

Ní Ifẹ̀wàrà ni, láàárín àwọn ọdún 1950, ní àgbàlá ìyá tó bí bàbá mi. Èèpo obì tó ti rẹ nínú omi ló ń rùn níbẹ̀ láràárọ̀. Ojú ìyá àgbà ti ń ṣú, ìka ló fi ń ríran. Á fi ìka pa obì kọ̀ọ̀kan lára yí ká. Ihò kòkòrò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Obì kan ṣoṣo tí kòkòrò ti lu lè ba odindi agbọ̀n jẹ́. Nítorí náà, kì í jẹ́ kí ọmọ tó bá ń purọ́ bá òun ṣa obì.

Mo sọ fún un pé mo rí èèrà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Àbúrò bàbá mi, tó ń hun agbọ̀n lẹ́bàá ògiri, ní bóyá abiyamọ ni, ó pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló kojú sí ìyá rẹ̀.

"Yèyé, ọmọ tó rí ẹsẹ̀ mẹ́jọ lára èèrà, ṣé òun lẹ ní kó máa bá yín wo ihò obì?"

Kò sí ibi tó wù mí láti jókòó láyé ju ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà lọ.

Ìyá àgbà nu ọwọ́ sára ìró. Ó ní òun kò lè rí ẹsẹ̀, kí n jẹ́ kó já bọ́ bó ṣe já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ta ewé náà, ó sì tún so rọ̀. Ìyá àgbà fi ìka kan rọra kọjá lábẹ́ ewé, ó dúró. Òwú tí èmi gan-an kò rí ti kọ́ ọ níka. Ó gbé ìka sókè, "èèrà" náà bá a gòkè.

"Èèrà wo ló ń ran òwú? Aláǹtakùn ni, ó gbé aṣọ èèrà wọ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ yìí kò purọ́. Ìwọ tí ojú rẹ là, o ò tilẹ̀ dìde wá wò ó."

Àbúrò bàbá mi dìde, ó wá wò ó.

Èmi ni mo ń bá ìyá àgbà ṣa obì títí ó fi papò dà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá aláǹtakùn wọ̀nyí kiri. Irú kọ̀ọ̀kan ló ní èèrà tirẹ̀ tó ń sín jẹ: ọ̀kan pupa bí àwọn tó ń fi ewé kọ́lé lórí igi, òmíràn dúdú. Á máa rìn bíi tiwọn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n fara kàn án. Irú mẹ́fà ni mo ti rí, n kò sì pe ọmọ kankan ní òpùrọ́ rí láìkọ́kọ́ lọ wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin aládùúgbò mi ní Òkè-Fìa wá sọ fún mi pé èèrà kan ń fò lára fẹ́ǹsì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo wọ bàtà, mo bá a lọ. Irú keje nìyẹn.