Kànga Tó Fẹ́ Sinmi

"Omi rẹ ti sá lọ o."

Ohun tí Mama Ifeoma kọ́kọ́ sọ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nìyẹn. Kò kí mi, kò béèrè bí mo ṣe jí. Mo ṣì wà nílé wa ní Asata, búrẹ́dì wà lẹ́nu mi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ó ti gbẹ pátápátá ni, àbí ó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń wá?"

"Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ló máa mọ ìyàtọ̀ ìyẹn? Ẹrẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fà. Máa bọ̀."

Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì sí mi, nítorí iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Idaw River Layout, tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ló gbà mí lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán. A máa ń gún irin ṣóńṣó mọ́lẹ̀, a ó so wáyà mọ́ ọn, a ó rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀, a ó sì wo bí ilẹ̀ ṣe gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ wa ń rí omi. Kò rí nǹkan kan. Bí iná ṣe kọjá ló ń sọ fún wa, àwa la máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí omi wà níbẹ̀. "Ó ṣeé ṣe" ni ọ̀rọ̀ tí mo ń lò jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni àwọn oníbàárà kórìíra jù.

Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kékeré kan ló ni kànga tí mo ń sọ yìí. Ó wà lẹ́yìn Ugwuaji, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ẹ̀gẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí Mama Ifeoma, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀rù bà á.

"Nne, ọmọ mi, dìde! Kí lo ṣe?"

Ó rò pé àforíjì ni mo wá tọrọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé bí àwa Yorùbá ṣe ń kí àgbà nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín títí, ó pe àwọn ìyá yòókù, ó ní kí n tún un ṣe kí wọ́n rí i.

Wọ́n ti ṣán ibì kan sílẹ̀ fún kànga náà níwájú ère Màríà Wúńdíá. Ohun tí ẹ̀rọ wa sọ níbẹ̀ kò dára: amọ̀ ni, ó sì jìn. Ibi tí mo rò pé ó sàn jù ni ẹ̀yìn ilé Fádà, láàárín oko iṣu rẹ̀ gan-an. Fádà wo iṣu, ó wò mí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Rárá, Fádà. Ó kàn dá mi lójú ju ibi tí ẹ yàn lọ ni."

"Èmi ń wàásù ìgbàgbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìwọ wá ń gbé 'bóyá' kò mí lójú." Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n wa àwọn iṣu náà.

A kan omi. Kò pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó mọ́. Bí wọ́n ṣe ń jó yí i ká, mo gbóhùn sókè pé inú pálapàla àpáta ni omi yìí ti ń sun wá díẹ̀díẹ̀, pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa sinmi lójoojúmọ́. Gbogbo wọn dáhùn pé, "Àmín!" Mo rò pé wọ́n gbọ́. Wọ́n rò pé àdúrà ni.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn, kẹ́ẹ̀gì ti tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kànga tí wọ́n gbẹ́ kí n tó dé ìjọ yìí, wọn ò rí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Bí èyí náà bá kú, mi ò ní ẹnu tí n óò fi ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Odò ni wọ́n máa padà sí."

Mo so irin mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sínú ihò kànga. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ láàárọ̀, omi ti gòkè díẹ̀. Kànga náà kò kú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá, tí mo ní kí wọ́n máa tì í lọ́sàn-án, ariwo bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló máa tì í? Bí mo bá tì í, wọ́n á ní mo ti pọn tèmi tán."

"Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan."

"Ọwọ́ ta? Ọwọ́ rẹ?"

Obìnrin kan tó ga, tó so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, na ìka sí mi lójú. "Madam Enjiníà, ṣebí ìwọ lo ní omi wà níbí?"

"Mo ní ó ṣeé ṣe, mà."

"Ẹ gbọ́! Ṣé 'ó ṣeé ṣe' ni n óò fi se ọbẹ̀?"

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù. Ọ̀sán ti pọ́n. Obìnrin náà sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́, àwọn tó jókòó dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà tí àwọn Àgùdà máa ń gbà sí Màríà nígbà tí agogo ọ̀sán bá lù. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, n kò mọ àdúrà náà, ṣùgbọ́n èmi náà dúró ṣinṣin. Bí wọ́n ṣe ṣe "Àmín" tán, ìka yẹn padà sójú mi.

"Bí mo ṣe ń wí, ṣé 'ó ṣeé ṣe' ni n óò fi se ọbẹ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan kan. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ tó padà wá ni ẹnì kan ń gbà nígbà tí agogo lù. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò tíì dé ìdajì, síbẹ̀ ó ti ẹnu ẹ̀rọ pa.

"Mama, ta ló ní kí ó tì í?"

Mama Ifeoma wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Agogo ni."

"Èwo ló tún máa lù?"

"Ti aago mẹ́ta, fún àdúrà Àánú Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, ti ìrọ̀lẹ́."

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. "Bí kànga bá sinmi láti agogo yìí di ti aago mẹ́ta, kó tún sinmi láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó kọjú sí àwọn èrò. "Ẹ gbọ́ o! Láti òní, kànga yìí ti di Àgùdà. Bí agogo ọ̀sán bá ti lù, ó ti wọlé àdúrà, kò gbọ́dọ̀ jáde títí di aago mẹ́ta."

"Kí ló ń gbàdúrà lé lórí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ bíi tìrẹ, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wá."

Fádà kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. N kò fọkàn tán ìkéde. "Àmín" ni wọ́n fi dáhùn èyí tí èmi ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá kẹ́ẹ̀gì lórí ìlà bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn ìyá jókòó lé wọn, ẹnu ẹ̀rọ wà ní títì láìsí kọ́kọ́rọ́ kankan. Mama Ifeoma ló wà níwájú pátápátá, korobá rẹ̀ ṣófo.

Mo sọ okùn mi sínú ihò. Omi ti ga fíìfíì ju ibi tí mo bá a lọ́jọ́ ìjà lọ. Mo tún un sọ, kí n lè gba ara mi gbọ́. Ibì kan náà ni.

"Mama, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ ò bá ti yára pọn tiyín kí agogo aago mẹ́ta tó lù."

"Kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi wá sọ pé kí ni?" Ó sún lórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi. "Jókòó, nne. Kò ní pẹ́ mọ́."

Mo jókòó. A sọ̀rọ̀ iṣu Fádà, ó ní Fádà ṣì ń dárò wọn. Agogo lù, wọ́n gbàdúrà, Mama Ifeoma sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Omi tú jáde pẹ̀lú agbára. Kó tó gbé korobá rẹ̀ sábẹ́, ó kọ́kọ́ gba ife kan, ó nà án sí mi.

Àwọn ìyá ní Màríà Wúńdíá ló dá omi náà padà. Ọ̀gá mi ní àyẹ̀wò wa ló péye. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo mu ife náà tán, ó sì tutù.