Adéfọlá Lórí Ẹṣin Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá mọ Adéfọlá ní ìlú Cedar Hill lókè òkun mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í bà á lẹ́rù. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Détọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọlé tòun ti eegun èjìká tó kán, nọ́ọ̀sì mìíràn ni Adéfọlá ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ẹṣin ló gbé ọmọ náà ṣubú níbi eré àgbá.

Eré àgbá kò ṣòro ṣàlàyé. Àgbá mẹ́ta ni wọ́n ń tò sórí yanrìn, ní igun mẹ́ta. Ẹlẹ́ṣin á yí ti àkọ́kọ́ ká, á yí ìkejì, á yí ìkẹta, á wá sá padà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó bá yára jù ló gbégbá orókè. Adéfọlá ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó tó ohun tí ọmọ ẹni ń tìtorí ẹ̀ dá léegun.

Nígbà tí èjìká jinná, Détọ́lá ní òun ń padà sórí ẹṣin. Ìyá ní kò ṣeé ṣe. Láyíwọlá, bàbá ọmọ, gbé tíì rẹ̀, ó lọ jókòó sí gáréèjì.

"Mummy, ẹ ò gun ẹṣin rí," Détọ́lá wí. "Just once. Ẹ gùn ún yí àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní kí n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, I'll stop. I promise."

Adéfọlá gbà. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bí ó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Reuben nìyẹn, baba arúgbó kan tó ní oko ẹṣin lẹ́yìn ìlú Wylie. Ẹsẹ̀ lásán ni Reuben kọ́kọ́ ní kó fi rin ọ̀nà àgbá náà, kó lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ kó tó gorí ẹṣin. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí Ṣúgà, abo ẹṣin Détọ́lá tí wọ́n ń tọ́jú sí oko náà. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni, kò sí eré.

Àdúrà ló kọ́kọ́ kó bá a. Bí Ṣúgà bá ti sún mọ́ àgbá, Adéfọlá á di ojú méjèèjì, á máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, Ṣúgà á sì dúró gbagidi. Reuben, tó jẹ́ díákónì, ṣí fìlà rẹ̀.

"Ma'am, Ọlọ́run ń gbọ́ tẹni tó lajú náà. Ibi tójú yín bá ń lọ lẹṣin ń lọ. Ẹ má wo àgbá. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ohun tí Adéfọlá kò retí ni pé gígun ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Ní Sátidé tí kò bá níṣẹ́, òun ló ń jí Détọ́lá kí wọ́n tó bọ́ sórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí oko Reuben. Kò sì jẹ́wọ́ fẹ́nì kan. Ẹni tó ti ní òun kì í jẹ ẹ̀gúsí kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí ìkòkò. Àmọ́ ìpinnu rẹ̀ kò tíì yí padà: tó bá parí, á ní kí ọmọ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Détọ́lá dúró nídìí irin ọgbà. Adéfọlá yí àgbá àkọ́kọ́ ká dáadáa, ó yí ìkejì, ó forí lé ìkẹta. Àfi bí Ṣúgà ṣe yà kúrò lọ́nà, tó fi àgbá sílẹ̀, tó rìn tààrà lọ bá Détọ́lá, tó sì gbé imú lé e láyà.

Reuben rẹ́rìn-ín. Détọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

"Mummy, you were looking at me."

"Ta ni kí n wò?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ká Adéfọlá lára. Ó rí i pé òun kò ní lè yí àgbá kẹta yẹn láéláé bí ọmọ yìí bá wà nítòsí. Ó tún rí i pé bí Détọ́lá bá ń fi ojú wá ìyá rẹ̀ kiri lórí ẹṣin, tó ń wò ó bóyá ẹ̀rù ń ba ìyá, ṣíṣubú ló máa ṣubú. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó yé e.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi okùn ìjánu lé ọmọ lọ́wọ́.

"Gùn ún," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó o bá ti gorí ẹ̀, má wò mí o."

Détọ́lá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Kò wò ó rárá.