Orin Kẹtàdínláàádọ́ta ní Jos

Agogo márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo dé gáréèjì ní Ìlọrin. N kò sùn dáadáa. Mo ń lọ bá Dàpọ̀ ní Jos, kí n bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹ̀dà tirẹ̀ tì, kí iṣẹ́ wa padà di ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní yunifásítì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ṣe ìwé orin ìjọ sórí fóònù. A ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó bá wù lè wo bí a ṣe kọ ọ́, kó mú un, kó sì tún un ṣe bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn tí a gboyè, Dàpọ̀ padà sílé ní Jos, ó mú kóòdù náà, ó ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Kò rú òfin kankan. Síbẹ̀ ó dùn mí, nítorí iṣẹ́ yẹn ló ń mú wa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Láti ìgbà náà, fóònù mi dákẹ́. Bóyá áàpù ni mo fẹ́ gbà padà, bóyá ohùn rẹ̀ ni, n kò lè sọ.

A kọjá Mọ́kwá, a bá tírélà kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà. Awakọ̀ yà sí ọ̀nà oko. Eruku bò wá, mo ń kùn.

"Ànńtí, ká ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà ńkọ́?" ni awakọ̀ bi mí. "Ibí náà la ó sùn o!"

Lẹ́yìn Akwanga, ọkọ̀ gun òkè tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo, atẹ́gùn sì yí padà. Irú ìrọ̀lẹ́ yìí, abẹ̀bẹ̀ là ń jù ní Ìlọrin. Níhìn-ín, awakọ̀ wọ súwẹ́tà.

Màmá Dàpọ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Angwan Rukuba. "Bọ́lá, sannu da zuwa!" Ìyẹn ni wọ́n fi ń kíni káàbọ̀ ní Hausa. "Sanyi á pa ọmọ yìí! Dàpọ̀, mú kádígán mi wá." Òtútù ni wọ́n ń pè ní sanyi.

Dàpọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Aṣọ Ìlọrin lo wọ̀ wá sí Jos?" Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. Ó ra máàsà fún mi, ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín bí àkàrà, márùn-ún ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ pe orin kẹtàdínláàádọ́ta. Ẹ̀dà mi wà lórí fóònù àwọn kan, ti Dàpọ̀ wà lórí ti àwọn yòókù, nọ́ńbà orin wọn kò sì bára mu. Apá ọ̀tún gbé orin òwúrọ̀, apá òsì gbé orin ìsìnkú.

Màmá wò yíká. "Kai! Ta ló kú?"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi.

"Ṣé o rí i?" ni mo sọ fún Dàpọ̀ níta. "Ẹ̀dà méjì kò dáa."

Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ògbólógbòó tí ojú rẹ̀ ti sán. "Fi tìrẹ sí i."

Kò ṣí. Mo ti kó àwòrán àti ohùn akọrin kún tèmi jù.

"Tèmi fúyẹ́," ni ó wí. "Orin Hausa tí ìjọ wa ń kọ náà sì wà láàárín rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ, o kọ̀ wọ́n."

Òótọ́ ni. Mo ní wọn yóò ba iṣẹ́ wa jẹ́. "Ṣé ìyẹn lo fi dákẹ́?"

"Haba! Ìwọ lo kọ́kọ́ dákẹ́."

Ojú tì mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà a jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bíi ti àtijọ́. A kó àwọn orin Hausa lọ sí ìparí ẹ̀dà tirẹ̀, kí nọ́ńbà àwọn tó kù lè bá tèmi dọ́gba. Ẹ̀dà ṣì jẹ́ méjì. N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé ni mo padà dé Ìlọrin, tèmi ti kádígán Màmá. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ó dáa kí ẹ̀dà pọ̀, torí fóònù tí tèmi kò lè ṣí lórí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe wọ́n gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kí n má purọ́, ọkàn mi ṣì ń fà sí ìgbà tí iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fóònù mi dún bí a ṣe jáde nínú ìsìn. Dàpọ̀ ni. Ó kọ ọ́ pé: "Màmá ní kí n sọ fún ọ, kò sẹ́ni tó kú lónìí."